Ta ló ni lúdò, kí sì ni òfin rẹ̀ gan-an?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti máa ń ta lúdò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ fẹ́ di ìjà. Ọ̀kan nínú wa pa ọmọ mi, ló bá gbé ọmọ tirẹ̀ tó fi pa á lọ sí òpin tààrà. Bí a ti ń ṣe é tipẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ń gbé ní Leeds wà nílé, ó ní kò síbi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé dáìsì kan péré ni wọ́n fi ń ta lúdò, pé òyìnbó ló dá a sílẹ̀, òfin wọn ló sì yẹ ká tẹ̀ lé. Ta ló ni lúdò gan-an? Kí ni òfin rẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú eré o, ẹ sì kú àmúmọ́ra.

Àbúrò yín jàre dé ìwọ̀n kan. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ náà ti wá, dáìsì kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń ta á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kọ́ ló bí eré náà. Íńdíà ni wọ́n ti gbà á tọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, wọ́n gé e kúrú, wọ́n yọ púpọ̀ nínú ohun tó ń mú un gbóná. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn náà ni pé ohun tí wọ́n yọ ọ̀hún, àwa tí a gbà á lọ́wọ́ wọn ti fi ọgbọ́n orí wa dá èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ padà. Bí ẹ bá fi lúdò abẹ́ máńgòrò yín wé ti Leeds, tiyín ló jọ baba ńlá rẹ̀ jù.

Pachisi ni wọ́n ń pe baba ńlá náà. Aṣọ ni pátákó rẹ̀, tí wọ́n gé bí àgbélébùú, tí wọ́n fi òwú ya ìlà sí lára, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ta á tán, wọ́n á ká a, wọ́n á gbé e kọ́. Apá mẹ́rin ló ní, àyè 24 sì wà ní apá kọ̀ọ̀kan, ìlà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́jọ. Àárín gbùngbùn ni ọmọ ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni yóò padà sí lẹ́yìn tó bá ti yí gbogbo etí aṣọ náà ká. Àwọn àyè 12 kan wà tí wọ́n sàmì sí. Ọmọ tó bá dúró síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè pa á. Ènìyàn mẹ́rin ló ń ta á, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ méjì ni wọ́n. Ẹni tó kọjú sí ọ ni ẹnì kejì rẹ, ẹ jọ ń borí ni, ẹ jọ ń fìdí rẹmi. Bí o bá kó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé òpin tí ti ẹnì kejì rẹ ṣì wà lọ́nà, o ò tíì jẹ nǹkan kan, àfi kí o dúró dè é.

Kò sí dáìsì olójú mẹ́fà nínú pachisi. Owó ẹyọ ni wọ́n ń dà. Mẹ́fà ni àwọn kan ń lò, méje ni ti àwọn mìíràn. Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹyọ mẹ́fà. Wọ́n á gbọ̀n wọ́n lọ́wọ́, wọ́n á dà wọ́n sílẹ̀, wọ́n á wá ka iye tó la ẹnu sókè. Bí méjì bá la ẹnu, ọmọ rin àyè méjì. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, àyè mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló la ẹnu, 10 ni wọ́n ń kà á sí. Bí gbogbo wọn bá dojú délẹ̀ pátápátá, 25 ni, òun ló tóbi jù, lára rẹ̀ ni wọ́n sì ti mú orúkọ eré náà. Ẹni tó bá da 6, 10 tàbí 25 á tún dà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá pa ọmọ ẹlòmíràn náà á tún dà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jókòó níwájú olórìṣà tó ń da ẹẹ́rìndínlógún á mọ irú kíkà yìí, nítorí iye ẹyọ tó la ẹnu sókè ni wọ́n ń wò níbẹ̀ náà. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o. Òrìṣà ni tibẹ̀, eré ni tibí. Ẹyọ nìkan ló pa wọ́n pọ̀, torí òkun Maldives ni wọ́n ti ń kó ẹyọ wọ Íńdíà, òkun yẹn kan náà sì ni púpọ̀ nínú èyí tí àwọn baba wa fi ń ná ọjà ti wá.

Pachisi tún ní ìbátan kan, chaupar, eré àwọn ọlọ́lá. Pátákó kan náà ni, ṣùgbọ́n dáìsì gígùn mẹ́ta ni wọ́n ń jù pọ̀ dípò ẹyọ. Abul Fazl, akọ̀wé Akbar, ọba kan ní Íńdíà, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó ṣe lórí ìjọba ọ̀gá rẹ̀. Akbar ọ̀hún, tó jọba láti 1556 sí 1605, fẹ́ràn eré yìí dé gongo. Ẹ lọ wo Fatehpur Sikri, ìlú tó tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1571 ní àríwá Íńdíà. Wọ́n fi òkúta ya pátákó pachisi sí ilẹ̀ àgbàlá ààfin, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé àwọn ọmọbìnrin ààfin ni ọba ń fi ṣe ọmọ eré, tí wọ́n wọ aṣọ àwọ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń ṣísẹ̀ káàkiri bí ẹyọ bá ṣe sọ. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àsọdùn àwọn tó ń mú àlejò kiri ni. Pátákó ilẹ̀ yẹn ni èyí tí ojú lè rí.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà ló gbé eré náà kọjá òkun. Ní àwọn ọdún 1890, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred Collier gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní England, ó pè é ní Royal Ludo. Ẹyọ kúrò níbẹ̀, dáìsì kan olójú mẹ́fà rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ife tí wọ́n á máa gbọ̀n ọ́n sí kí àwọn ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ má bàa fi ọwọ́ yí i. Nínú lúdò yìí, kò sí ẹgbẹ́ méjì-méjì mọ́, oníkálukú di tara rẹ̀. Àyè ààbò tán. 10 àti 25 tán. Ìrìn pàápàá yí padà: pachisi ń rìn lòdì sí ọwọ́ aago, lúdò ń bá ọwọ́ aago lọ. Ohun tó kù jẹ́ eré tí ọmọdé ọlọ́dún mẹ́fà lè mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyẹn náà ló sì mú un tàn ká ayé, mi ò lè bú Collier.

Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló kọ́kọ́ tà á. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Selchow & Righter ti forúkọ Parcheesi sílẹ̀ láti 1874, ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú Collier. Dáìsì méjì ni ti ibẹ̀. Márùn-ún ló ń mú ọmọ jáde, ẹni tó bá sì pa ọmọ, wọ́n á fún un ní ìṣísẹ̀ 20 lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ará Sípéènì náà ń fúnni ní 20 lórí parchís tiwọn. Ní Jámánì, Josef Friedrich Schmidt ṣe tirẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní nǹkan bí 1907, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní 1914. Ogun bẹ́ lọ́dún yẹn, ó sì fi 3,000 ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun. Àwọn wọ̀nyẹn ló gbé e padà dé ilé wọn, ibẹ̀ ló ti gbilẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Àwọn atukọ̀ ń ta irú lúdò kan tí wọ́n ń pè ní uckers: dáìsì méjì, ẹgbẹ́ méjì, ọmọ méjì tó bá dúró pọ̀ a di odi. Èyí ni kí ẹ sọ fún àbúrò yín bó bá tún ní kò síbi tí wọ́n ti ń fi dáìsì méjì ta á.

Ó yá, òfin. Àwọ̀ mẹ́rin ló wà, pupa, búlúù, yẹ́lò àti gíríìnì. Ọmọ mẹ́rin ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, inú ilé aláwọ̀ náà ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà ló ń mú ọmọ jáde sórí àyè àkọ́kọ́. Ọ̀nà tó yí pátákó ká jẹ́ àyè 52, ṣùgbọ́n ọmọ kì í tẹ gbogbo rẹ̀. Bó bá ti dé iwájú ilé àwọ̀ tirẹ̀, á yà wọ ìlà àyè márùn-ún tí àwọ̀ mìíràn kò lè wọ̀, lẹ́yìn náà ni òpin. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró sórí àyè àkọ́kọ́ ní ìṣísẹ̀ 56 níwájú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá balẹ̀ sórí ọmọ ẹlòmíràn, ẹ ti pa á nìyẹn, ilé ló ń padà sí, mẹ́fà ló tún máa mú un jáde. Iye tó máa gbé ọmọ dé òpin gbọ́dọ̀ pé géérégé. Bí ó bá ku mẹ́ta tí ẹ ju márùn-ún, ọmọ náà dúró síbi tó wà. Ẹni tó ju mẹ́fà á tún jù. Bí mẹ́fà bá jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ̀kẹta ṣòfò, ó di ti ẹni tó kàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ jù lọ ti fẹnu kò nìyí, kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àríyànjiyàn tó kù, òfin àdúgbò ni.

Òfin àdúgbò tiwa ni mo fẹ́ràn láti máa sọ. Ẹ mọ pátákó náà: onígi, dígí lórí, káfíńtà ló fi férémù sí i. Bí ènìyàn bá jẹ́ méjì péré, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú àwọ̀ méjì, ọmọ mẹ́jọ-mẹ́jọ, ìyẹn ni pé ìwọ fúnra rẹ lo di ẹgbẹ́ kan odidi bíi ti pachisi. Dáìsì méjì ni. Ẹ lè fi àpapọ̀ wọn sún ọmọ kan, ẹ sì lè pín wọn fún ọmọ méjì. Mẹ́fà-mẹ́fà ló ń fúnni láyè àtijù.

Dáìsì kejì yìí kì í ṣe àfikún lásán. Pẹ̀lú dáìsì kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́fà ni mẹ́fà ń jáde. Pẹ̀lú méjì, ó di 11 nínú 36, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Ẹ wò ó báyìí: bí 100 ènìyàn bá fi dáìsì kan jù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá-mẹ́wàá, nǹkan bí 16 nínú wọn ni kò ní rí mẹ́fà kankan. Bó bá jẹ́ dáìsì méjì, wọn ò ní pé mẹ́ta. Ẹni tó ti jókòó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí eré fi dé ìdajì, tí ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nílé, á mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ràn ti oní-dáìsì kan.

Ní ti pípa tó ń gbé apani dé òpin, òun gan-an ni gbòǹgbò ìjà yín. Lóòótọ́ kò sí nínú ti Collier. Ṣùgbọ́n pé kí ẹni tó pa gba ẹ̀bùn, ìyẹn ti wà láti Íńdíà: pachisi fún un ní àtidà, Amẹ́ríkà àti Sípéènì fún un ní 20. Tiwa ló ga jù, torí ó lè tó 56. Ohun tí mo rò ni pé ọmọ mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹnì kan ló bí i. Bí ẹ bá ní ọmọ 16 lórí pátákó tí wọ́n ń pa ara wọn, tí àpani kò sì ní èrè, ilẹ̀ á ṣú bá yín lábẹ́ máńgòrò.

Ó tún ń yí ọgbọ́n eré padà. Ẹ jẹ́ ká wo ìjù kan. Ẹ ju 6 àti 3. Ọmọ yín kan wà lójú ọ̀nà. Ọmọ ọ̀tá kan wà ní àyè kẹta níwájú rẹ̀, òmíràn wà ní àyè kẹsàn-án. Bí pípa kò bá ní èrè, 3 ni kí ẹ kọ́kọ́ rìn, ẹ pa ti ìtòsí, kí ẹ wá fi 6 bọ́ sórí èkejì, ẹ pa òun náà. Ọmọ kan pa méjì ní ìjù kan! Lábẹ́ òfin tiwa, ìyẹn kò ṣeé ṣe, torí bí ẹ bá ti fi 3 pa ti àkọ́kọ́, ọmọ yín ti kúrò lórí ọ̀nà, ó ti dé òpin. 6 tó kù, ẹ fi mú ọmọ tuntun jáde. Tàbí kẹ̀, bí ọmọ iwájú yẹn bá ti sún mọ́ òpin rẹ̀, ẹ fi ti ìtòsí sílẹ̀, ẹ rin 9 lọ pa á, kí gbogbo ìrìn tó ti rìn ṣòfò.

Ẹnu èyí náà ni mo ti ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi èrè ṣòfò. Wọ́n á fi ọmọ tó ku ìṣísẹ̀ 10 kó dé òpin pa, nígbà tí ọmọ mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lè pa ẹni kan náà. Ti àkọ́kọ́ jèrè 10. Ti èkejì ìbá jèrè odidi ìrìn. Ọmọ ẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ máa fi pa níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe.

Odi ńkọ́? Ọmọ àwọ̀ kan náà méjì tó bá dúró sórí àyè kan: ní àdúgbò kan, kò sẹ́ni tó lè kọjá wọn, ní òmíràn, wọ́n á fò wọ́n bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ pátákó onígi tiwa kò ní àyè oníràwọ̀ tí ọmọ lè sá sí. Níbi tí àpani ti ń jèrè tó báyìí, tí ibi ìsápamọ́ kò sì sí, èmi á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi odi sí i. Láìsí i, eré á di ìpakúpa. Àwọn ọmọ tó kọ́ lúdò lórí fóònù, pàápàá Ludo King tí àwọn ará Íńdíà gbé jáde ní 2016 tó sì gbilẹ̀ nígbà Kòrónà ní 2020, ìràwọ̀ ni wọ́n mọ̀, dáìsì kan ni wọ́n sì mọ̀. Bí irú wọn bá dara pọ̀ mọ́ yín, ẹ ka òfin yín fún un kó tó jókòó.

Kí n fi kan ọ̀rọ̀ dáìsì, torí ibẹ̀ ni ẹ̀tàn gidi wà. Ojú tó kọjú sí ara wọn lára dáìsì gbọ́dọ̀ jẹ́ méje: ọ̀kan kọjú sí mẹ́fà, méjì sí márùn-ún, mẹ́ta sí mẹ́rin. Mo ti rí dáìsì ọjà tó ní mẹ́fà méjì. Èyí tí wọ́n fi nǹkan wúwo sínú rẹ̀ ló ṣòro láti fojú rí. Ẹ da iyọ̀ sínú ife omi, ẹ máa rò ó títí dáìsì oníke náà á fi léfòó. Kí ẹ wá fi ìka yí i nínú omi lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ojú kan náà bá ń gbé ara rẹ̀ sókè ṣáá, ẹ jù ú nù. Dáìsì tó bá já bọ́ sílẹ̀ tàbí tó fara ti férémù, ẹ tún un jù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ orí bọlẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti eré Sunday yín, ẹ má bínú sí mi o: ọmọ yín ti kú. Òfin tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni òfin, àwọn tó jókòó ló sì ti ń fi ta á tipẹ́. Ẹni tó pa yín jàre láti gbé tirẹ̀ dé òpin, àbúrò yín kò sì lè yí i padà láàárín eré. Bó bá fẹ́ ta ti Collier ní Sunday tó ń bọ̀, ẹ gbé dáìsì kan kúrò nílẹ̀, kí oníkálukú mú àwọ̀ kan, kí ẹ sọ ọ́ jáde kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbọn ife. Mẹ́rin ni kí ẹ jẹ́ o, torí ti oní-dáìsì kan kì í dùn fún ẹni méjì.